Irinṣẹ́ Ìgé-ẹ̀ka Tó Dára: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Ọ́n Ká Tó Sanwó

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àgbẹ̀ bá àwọn àgbẹ̀ kòkó àti ọlọ́sàn sọ níbi ìpàdé wọn)

   

Ní ìpàdé tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa gígé ẹ̀ka kòkó. A sọ ìdí tó fi yẹ ká gé e, a sì sọ pé lẹ́yìn ìkórè ńlá, kí òjò tó rọ̀ dáadáa, ni àkókò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wá béèrè pé, "Kí la máa fi gé e?" Ìbéèrè yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tòní.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àdá kan ṣoṣo tó wà nílé tó fún gbogbo iṣẹ́. Òun la fi ń ṣán oko, òun la fi ń la kòkó, òun la fi ń gé igi ìdáná, òun náà la tún fẹ́ fi gé ẹ̀ka. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n lọ sọ́jà, wọ́n ra ohun tó ń dán gbinrin, kò sì pé oṣù méjì tó fi ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ojú ọgbẹ́ tí irinṣẹ́ fi sílẹ̀ lára igi ni ká fi mọ̀ bóyá ó dára. Kì í ṣe dídán rẹ̀, kì í ṣe àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í ṣe pé owó rẹ̀ kéré.

ÌDÍ TÍ OJÚ ỌGBẸ́ FI ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn àgbà ní, bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Bí abẹ mímú bá gé wa lọ́wọ́, ojú egbò náà á pa pọ̀, á sì tètè jinná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irin tí kò mú ló fa ara wa ya, egbò náà á pẹ́ nílẹ̀, á sì lè kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi rí.

Èèpo ni awọ ara igi. Ibi tí a bá gé tó mọ́lẹ̀ geere, èèpo á bẹ̀rẹ̀ sí í ká bo ojú ọgbẹ́ náà láti etí wá sí àárín. Ibi tí a bá fọ́, tàbí tí èèpo bá ya wálẹ̀ lára igi, omi á dúró níbẹ̀, igi á máa jẹrà sínú, kòkòrò á rí ilé, àrùn á sì rí ọ̀nà. Phytophthora, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, kò mọ sí ara èso nìkan. Ó máa ń wọ ara igi kòkó fúnra rẹ̀, á di egbò lábẹ́ èèpo, ojú ọgbẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí a bá gbin kòkó ní mítà 3 sí mítà 3, igi tó wà nínú hẹ́kítà kan á tó 1,111. Bí a bá gé ẹ̀ka 4 péré lára igi kọ̀ọ̀kan, ojú ọgbẹ́ tí a dá sára oko náà ju 4,400 lọ. Ilẹ̀kùn 4,400 nìyẹn! Irinṣẹ́ ọwọ́ wa ló máa pinnu bóyá ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn á tètè tì, tàbí wọ́n á ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àrùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti kòkó gan-an. Ara igi àti ara ẹ̀ka ni òdòdó kòkó ti ń yọ, ojú kan náà ló sì ti ń yọ léraléra. Bí àdá bá bó èèpo ibẹ̀ dànù, kòkó kò ní so lójú ibẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i pé àdá tó tàsé lè gba èso ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni?

IṢẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN LÓ NÍ IRINṢẸ́ TIRẸ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọjà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ lọ rà.

Àdá: Mi ò ní kí ẹ ju àdá nù o. Àdá ló ni oko ṣíṣán. Ó sì lè gé èéhù tó ń yọ nídìí kòkó, bí èéhù náà bá ṣì rọ̀, tí àdá sì mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ju àdá sí ẹ̀ka tó wà láàárín igi, ẹ ò lè sọ ibi tó máa bà dé. Ẹ fẹ́ gé ọ̀kan, ẹ sì ti ṣá mẹ́ta lọ́gbẹ́.

Sẹ́kétọ̀: Èyí ni àlùmọ́gàjí kékeré tó lágbára, tí a ń fi ọwọ́ kan lò. Òun ló yẹ fún ẹ̀ka tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Kòkó kékeré, ọsàn kékeré, èéhù tó ti ń le, iṣẹ́ sẹ́kétọ̀ ni. Bí ẹ bá fi dandan gé ẹ̀ka tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ́ fọ́ ẹ̀ka náà, ẹ̀ẹ́ sì ba sẹ́kétọ̀ jẹ́.

Ayùn ìgé-ẹ̀ka: Òun ló wà fún ẹ̀ka tó nípọn. Kì í ṣe ayùn káfíńtà o. Eyín ayùn káfíńtà kéré, ó sì sún mọ́ra, torí pákó gbígbẹ ló ń gé. Bí ẹ bá gbé e wọ inú igi tútù, ìyẹ̀fun igi tó lómi lára á dí i, á sì há.

Ayùn ọlọ́pàá gígùn: Èyí ni ayùn tí a fi sórí ọ̀pá, fún ẹ̀ka òkè àti fún àfòmọ́. Ẹ rántí pé àfòmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń ya ewé rẹ̀ lásán. Ó ti wọ inú ẹ̀ka lọ. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti dì mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tún ń bọ̀ wá hù. Gọ̀gọ̀ tí a fi ń ká kòkó kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ńṣe ló máa fa ẹ̀ka ya.

BÍ A ṢE Ń YAN ÀDÁ

Ohun márùn-ún ni kí ẹ yẹ̀ wò.

1. Ẹ wo ojú rẹ̀ láti orí dé ìdí, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ́, kò gbọdọ̀ sán, kò gbọdọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn ún lè bo àlébù mọ́lẹ̀, nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ pa á wò, ẹ má fi ojú nìkan wò ó.

2. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ di èkù rẹ̀ mú fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi irin kékeré kàn án lára. Irin tó dára á ró gbọnrangandan, ohùn náà á sì máa lọ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Èyí tó bá sán, ohùn rẹ̀ á kú síbẹ̀ ni.

3. Ẹ fi fáìlì kàn án. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kí ó jẹ́ kí ẹ fa fáìlì lẹ́ẹ̀kan péré sí ojú rẹ̀. Bí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé orí gíláàsì ni, irin náà le jù. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á máa já wẹ́wẹ́. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ wọlé bí ìgbà tí a ń họ iṣu, irin náà rọ̀ jù, ẹ̀ẹ́ máa pọ́n ọn láràárọ̀. Èyí tí fáìlì bá jẹ díẹ̀díẹ̀, tó ń ta ko ọwọ́ yín, òun ni kí ẹ mú.

4. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fi orí rẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Ó yẹ kí ó padà sí bó ṣe wà. Bí ó bá dúró ní títẹ̀, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

5. Ẹ wo èkù rẹ̀. Irin àdá gbọ́dọ̀ wọ inú èkù lọ jìnnà, kí ìṣó tó dì í mú sì tó 3, kì í ṣe ọ̀kan. Bí èkù bá jẹ́ igi, kó jẹ́ igi líle tó ti gbẹ. Igi tútù á gbẹ lọ́wọ́ yín, á sún kì, àdá á sì máa mì. Àdá tó ń mì lè fò yọ kúrò lọ́wọ́ ẹni kó lọ bá ẹlòmíràn.

Ẹ má ro pé tàwọn alágbẹ̀dẹ wa kò dára. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi irin sípíríǹgì mọ́tò rọ àdá àti ọ̀bẹ, irin tó dára gan-an sì ni fún iṣẹ́ yìí, torí wọ́n ṣe é láti máa tẹ̀ kó sì máa padà. Ohun tó kù ni ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá mú irin náà gbóná tó sì rì í bọ omi nìkan, ojú rẹ̀ á le ju bó ṣe yẹ lọ, á máa já. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á tún dá a padà sí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà, kí líle rẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irin wo ló lò, àti bó ṣe sè é. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí àléébù bá wà, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ lè gbé e padà.

BÍ A ṢE Ń YAN SẸ́KÉTỌ̀

Oríṣi méjì ló wà. Nínú oríṣi kìíní, irin méjèèjì máa ń kọjá lára ara wọn bí ti àlùmọ́gàjí aṣọ. Nínú oríṣi kejì, irin mímú kan ló wà, á sì máa kanlẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ kan, bí ọ̀bẹ ṣe ń kan pákó ìgẹ́ran. Oríṣi kejì yìí máa ń tẹ ẹ̀ka tútù mọ́lẹ̀, á sì fọ́ èèpo rẹ̀. Igi gbígbẹ ni ká fi gé. Fún kòkó àti ọsàn tó wà láàyè, ẹ ra oríṣi kìíní.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú ẹ̀ka tútù kan tó nípọn bí ìka dání láti oko. Ẹ fi sẹ́kétọ̀ gé e níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ó bá mọ́lẹ̀, tí èèpo rẹ̀ kò sì ṣí, ó dára. Bí èèpo bá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí okùn, ẹ má sanwó. Ẹ tún fi gé bébà láti ìdí irin dé orí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fa bébà ya níbi kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa á dé kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín irin méjèèjì kọjá, wọn kò pàdé nìyẹn. Ẹ wo nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀: èyí tí a lè tú, tí a sì lè dì le, ló dára. Èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn pa, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ti parí. Ẹ béèrè bóyá sípíríǹgì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún títà, torí ohun tó tètè ń sọnù lóko nìyẹn. Kí ẹ̀yin ìyá wa náà dì í mú wò kí wọ́n tó rà á. Sẹ́kétọ̀ tó tóbi ju ọwọ́ ẹni lọ máa ń dá ọwọ́ lágara kí ọ̀sán tó pọ́n.

BÍ A ṢE Ń YAN AYÙN

Ayùn ìgé-ẹ̀ka tó dára máa ń tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, ó sì máa ń gé nígbà tí a bá ń fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara wa. Ìyẹn ló fi rọrùn fún ẹni tó nawọ́ sókè. Ẹ wo eyín rẹ̀ láti orí: ọ̀kan á yà sọ́tùn-ún, èkejì á yà sósì. Yíyà yìí ló ń jẹ́ kí ojú ibi tó gé fẹ̀ ju ara irin lọ, kí ó má baà há. Bí gbogbo eyín bá tò sójú kan, tí ìdí wọn kò sì nípọn ju ẹ̀yìn irin náà lọ, ẹ má rà á.

Àwọn ayùn kan wà tí orí eyín wọn dúdú bí aró. Wọ́n ti fi iná mú eyín wọn le gan-an. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kú, ṣùgbọ́n fáìlì kò lè pọ́n wọn. Bí irú rẹ̀ lẹ bá fẹ́, ẹ ra èyí tí a lè pààrọ̀ irin rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé irin ìpààrọ̀ náà wà lọ́jà wa níhìn-ín.

Bí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ kọ́kọ́ gé e láti ìsàlẹ̀ wọlé díẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara igi. Ẹ wá gé e láti òkè, níwájú ibẹ̀ díẹ̀, títí tó fi já. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé kùkùté tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka kò fi ní fa èèpo igi ya wálẹ̀ bó bá ń já bọ̀.

OWÓ Ń KỌ́?

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní owó sẹ́kétọ̀ kan jẹ́ ìdá kan, tó sì ń bàjẹ́ lọ́dọọdún. Owó èkejì jẹ́ ìdá méjì, ó sì lo ọdún 5. Lẹ́yìn ọdún 5, ẹni tó ra olówó pọ́ọ́kú ti ná ìdá 5, ẹnì kejì ná ìdá 2 àti owó fáìlì. A kò tíì ka igi tí èyí tí kò dára ti ṣe lọ́ṣẹ́.

Kò sì pọn dandan kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra gbogbo rẹ̀. Ayùn ọlọ́pàá gígùn kì í ṣe ohun tí à ń lò lójoojúmọ́. Kí àgbẹ̀ 5 tí oko wọn súnmọ́ra dá àjọ, kí wọ́n ra ẹyọ kan. Kí wọ́n yan ẹnì kan tí á máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọjọ́ sí bí yóò ṣe máa yí kárí. Ṣùgbọ́n kí sẹ́kétọ̀ àti àdá jẹ́ ti oníkálukú.

ÌTỌ́JÚ IRINṢẸ́

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí irinṣẹ́ ti dára tó, kò lè pọ́n ara rẹ̀. Ẹ máa pọ́n àdá kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ fi fáìlì tì í sí apá kan, ẹ má máa fà á síwá sẹ́yìn. Ní ti sẹ́kétọ̀, apá òde tó dagun lára irin mímú nìkan la ń pọ́n. A kì í pọ́n apá inú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àlàfo á wà láàárín irin méjèèjì. Ẹ má sì gbé irinṣẹ́ fún ẹni tó máa fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí tí ojú rẹ̀ á fi di aláró. Iná ti jẹ ẹ́ nìyẹn, kò ní mú pẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá ti gé igi tó ní àrùn, ẹ nu irinṣẹ́ náà kí ẹ tó kan igi mìíràn. Ẹ lè fi sípírítì nù ún. Ẹ sì lè da ìwọ̀n jíìkì 1 pọ̀ mọ́ ìwọ̀n omi 9, kí ẹ ri irinṣẹ́ bọ̀ ọ́. Jíìkì máa ń jẹ irin, nítorí náà, bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òróró pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní Ecuador, Colombia àti Bràsíìlì, àrùn kan wà tó ń jẹ́ Ceratocystis, tó ń pa igi kòkó odidi. Àdá àgbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé e láti igi kan dé òmíràn.

Ẹ má fi irinṣẹ́ sílẹ̀ sóko mọ́jú. Ìrì á jẹ́ kó dípẹtà.

Ẹ tọ́jú ara yín náà o. Ẹ wọ bàtà, ẹ má dúró sábẹ́ ẹ̀ka tí ẹ ń gé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Bí irin bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú egbò náà, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àrùn ipá. Ẹ má fi ewé tàbí erùpẹ̀ dí i.

KÓKÓ Ọ̀RỌ̀

• Ojú ọgbẹ́ tó mọ́lẹ̀ ni àmì irinṣẹ́ tó dára.
• Àdá fún ṣíṣán, sẹ́kétọ̀ fún ẹ̀ka tó tó àtàǹpàkò, ayùn fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.
• Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹ̀ka tútù kí ẹ tó sanwó.
• Ẹ ra èyí tí a lè tú, tí a lè pọ́n, tí a sì lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà.
• Ẹ nù ún láti igi dé igi, bí àrùn bá wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa gígé ẹ̀ka kòkó, ilé-iṣẹ́ ìwádìí CRIN tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Fún ọsàn, NIHORT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 wà ní Ìbàdàn kan náà. Olùkọ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín náà á bá yín débẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkálukú mú irinṣẹ́ rẹ̀ dání pẹ̀lú ẹ̀ka tútù kan. A ó jọ gé e, a ó jọ wo ojú ọgbẹ́, a ó sì jọ pọ́n èyí tí kò mú.